Katakata Tí Kò Jí: Ẹ Tọ Ọ̀nà Iná Kí Ẹ Tó Náwó

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti fún gbogbo ẹni tó ń kọ́ ìwé kíkà

  

Ọ̀rọ̀ katakata ni a fẹ́ jọ sọ lónìí. Kì í ṣe bí a ti ń wà á. Ẹni tó ń wà á ti mọ̀ ọ́n wà. Ohun tí a fẹ́ jọ wò ni èyí: òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ti rọ̀, a gun orí katakata ní òwúrọ̀, a yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rọ kò jí. Kí ni kí a ṣe?

Òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó ro ilẹ̀, á pẹ́ kó tó gbin àgbàdo. Àgbàdo tó bá pẹ́ nílẹ̀, òjò lè dá kó tó gbó. Katakata ẹgbẹ́ kì í sì í ṣe ti ẹnì kan. Owó gbogbo wa ló wà nínú rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, gbogbo wa ló dákẹ́ sí lára.

Kí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe? Wọ́n á ní: «Bátìrì ti kú.» Wọ́n á da owó jọ. Wọ́n á rán ọmọ lọ sí ìlú. Wọ́n á ra bátìrì tuntun. Wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rọ kò ní jí. Owó ti lọ. Ọjọ́ ti lọ. Àìsàn ṣì wà níbẹ̀. Bí a kò bá mọ ibi tó ń dun aláìsàn, a ó kàn máa fi oògùn ẹsẹ̀ ra orí ni.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí. Òun nìyí: iná ní ọ̀nà tó ń gbà. Ẹ tọ ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ tó náwó.

Ọ̀NÀ TÍ INÁ Ń GBÀ

Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á ti irin títẹ̀ bọ iwájú ọkọ̀, wọ́n á máa yí i. Nígbà mìíràn irin náà á ta padà, á ṣẹ́ ènìyàn lápá. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Charles Kettering, ló ṣe ẹ̀rọ oníná tó gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ènìyàn. Ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912 ló kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà. Láti ìgbà náà, kọ́kọ́rọ́ ni a ń yí.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kọ́ ló ń jí ẹ́ńjìnnì. Kọ́kọ́rọ́ kàn ń ránṣẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a ka àwọn ilé tí iná ń gbà kọjá, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ilé kìíní ni bátìrì. Ibẹ̀ ni iná ń gbé. Gaston Planté, ará Fáráńsé, ló ṣe irú bátìrì olójé yìí ní ọdún 1859. Títí di òní, irú rẹ̀ ló wà nínú katakata wa.

Ilé kejì ni orí bátìrì méjèèjì àti wáyà ńlá tó so mọ́ wọn.

Ilé kẹta ni fíúsì àti ojú kọ́kọ́rọ́. Fíúsì ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń já nígbà tí iná bá pọ̀ jù, kí ohun mìíràn má baà jóná.

Ilé kẹrin ni àwọn ẹ̀ṣọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ jí nígbà tí ewu wà. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ wọn.

Ilé karùn-ún ni aṣọ́bodè. Àwọn mẹkáníkì ń pè é ní rẹlẹ́. Òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún iná ńlá.

Ilé kẹfà ni mọ́tọ̀ kékeré alágbára tó ń yí ẹ́ńjìnnì. Àwọn mẹkáníkì ń pè é ní dẹmárọ̀.

Lẹ́yìn dẹmárọ̀, iná á gba ara irin katakata padà sí orí bátìrì kejì. Bí ẹni tó lọ sọ́jà tó sì gbọ́dọ̀ padà wálé ni. Bí ọ̀nà àbọ̀ bá gé, àlọ pàápàá kò ní ṣeé ṣe.

Ẹ kíyè sí i pé wáyà méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan nípọn. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìránṣẹ́. Ó ń gba ojú kọ́kọ́rọ́ àti ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ bá aṣọ́bodè pé: «Ṣílẹ̀kùn!» Wáyà tó nípọn ni alárù. Òun ló ń gbé ẹrù iná láti bátìrì lọ bá dẹmárọ̀. Bí ìránṣẹ́ kò bá dé, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Bí alárù bá rẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí, ṣùgbọ́n ẹrù kò ní dé.

Ẹni tó bá mọ̀yàtọ̀ ìránṣẹ́ àti alárù ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

KÍ A TÓ FỌWỌ́ KÀN ÁN

Iná bátìrì katakata kò lágbára láti gbé ènìyàn bí iná inú ilé. Ṣùgbọ́n ewu mẹ́ta wà lára bátìrì.

Ewu kìíní: bátìrì ń mí afẹ́fẹ́ kan jáde, pàápàá nígbà tó bá ń gba iná. Afẹ́fẹ́ náà ń gbiná, ó sì ń bú gbàmù. Ẹ má fi sìgá, àtùpà tàbí iná ìṣáná súnmọ́ ọn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò.

Ewu kejì: omi inú bátìrì ń jó ara, ó ń jẹ aṣọ, ó lè fọ́ ojú. Bí ó bá ta sí yín lójú, ẹ fi omi púpọ̀ tó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn kíá. Ẹ má fi epo tàbí àgbo sí i.

Ewu kẹta: bí irin kan bá kan orí bátìrì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, irin náà á pọ́n bí ẹyin iná. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ irin kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo orí bátìrì dáadáa. Àmì méjì ló wà níbẹ̀, àwọn àmì tí ẹ ti mọ̀ nínú ìṣirò. Àmì àròpọ̀ (+) wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Àmì ìyọkúrò (−) wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, wáyà àròpọ̀ máa ń pupa, wáyà ìyọkúrò máa ń dúdú. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn lè ti pààrọ̀ wáyà. Àmì ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má gba àwọ̀ gbọ́.

Òfin rẹ̀ nìyí: nígbà tí a bá ń tú u, ìyọkúrò ni a ń kọ́kọ́ yọ. Nígbà tí a bá ń dè é padà, ìyọkúrò ni a ń dè kẹ́yìn. Kí ló dé? Nítorí pé ara irin katakata gbogbo ló so mọ́ ìyọkúrò. Bí a bá yọ ọ́ ṣáájú, bí sípánà wa bá tilẹ̀ kan irin nígbà tí a ń tú àròpọ̀, iná kò ní ta.

Ẹ FETÍ SÍ OHÙN RẸ̀

Aláìsàn á sọ ibi tó ń dun òun. Katakata náà ń sọ tirẹ̀. Ẹ tan iná iwájú. Kí ẹnì kan dúró wò ó. Kí awakọ̀ jókòó sórí àga, kó tẹ bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì, kó sì rí i pé kò sí nínú jíà. Kó wá yí kọ́kọ́rọ́. Kí gbogbo èèyàn dákẹ́.

1. Kò sí ohùn, iná iwájú kò sì tàn rárá. Iná kò jáde kúrò ní ilé kìíní tàbí ilé kejì. Ẹ wo bátìrì. Ẹ wo orí rẹ̀. Ẹ wo fíúsì ńlá bí ó bá wà.

2. Kò sí ohùn, ṣùgbọ́n iná iwájú mọ́lẹ̀ kedere. Iná wà nílé. Ìránṣẹ́ ni kò dé. Ẹ wo fíúsì kékeré, ojú kọ́kọ́rọ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ àti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sí ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè. Ẹ má ra bátìrì.

3. Ó ń ṣe «ta-ta-ta-ta», iná iwájú sì ń ṣe bàìbàì. Ìránṣẹ́ dé, ilẹ̀kùn ṣí, ṣùgbọ́n alárù kò lágbára. Ebi ń pa bátìrì, tàbí orí rẹ̀ dọ̀tí, tàbí ó tú. Èyí ni ẹ ó rí jù.

4. Ó ṣe «kọ́!» lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Ẹ wo iná iwájú. Bí ó bá ṣe bàìbàì gidigidi, iná ń wọ dẹmárọ̀ ṣùgbọ́n nǹkan há, tàbí bátìrì kò lágbára tó. Bí iná iwájú kò bá yí padà, iná kò wọ dẹmárọ̀ rárá. Inú aṣọ́bodè tàbí inú dẹmárọ̀ ló ti bàjẹ́. Iṣẹ́ mẹkáníkì nìyẹn.

5. Dẹmárọ̀ ń yí «fìììì», ẹ́ńjìnnì kò sì yí. Eyín dẹmárọ̀ kò mú eyín ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ mẹkáníkì nìyẹn náà.

6. Ẹ́ńjìnnì ń yí dáadáa, ṣùgbọ́n kò mú. Ọ̀nà iná ìjíǹde ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ lọ wo epo. Ṣé ó wà? Ṣé afẹ́fẹ́ kò wọ ọ̀nà epo? Bí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ ti gásóòlù, ṣé ẹni tó pa á lánàá dá irin tí a fi ń pa á padà sí àyè rẹ̀?

Ẹ rí i? A kò tíì tú ìdè kan. A kò tíì ná kọ́bọ̀. Etí àti ojú nìkan ni a lò. A sì ti mọ ilé tí a ó kan.

Nígbà tí ẹ bá ń dán an wò, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ mú fún ìgbà pípẹ́. Kó má ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Dẹmárọ̀ ń yára gbóná, bí ó bá gbóná jù, á jó.

ORÍ BÁTÌRÌ TÓ DỌ̀TÍ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tó kéré jù, nítorí òun ló ń ṣẹlẹ̀ jù.

Ẹ wo orí bátìrì. Ṣé ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bí ẹ̀ta wà níbẹ̀? Ohun náà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Iná díẹ̀ lè kọjá, kí iná iwájú sì tàn. Ṣùgbọ́n dẹmárọ̀ ń fẹ́ iná tó ju ti iná iwájú lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Ọ̀nà tó gba ẹlẹ́sẹ̀ kọ́ ló ń gba ọkọ̀ akẹ́rù.

Ẹ di wáyà mú, kí ẹ gbìyànjú láti yí i lọ́rí bátìrì. Bí ó bá yí, ó tú nìyẹn. Ẹ fún un le.

Ọ̀nà mìíràn wà láti mọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbìyànjú láti jí i lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pa á, kí ẹ wá rọra gbé ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ oríkèé wáyà kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá gbóná, ibẹ̀ ni iná ti ń jà kó tó kọjá. Ibẹ̀ ni kí ẹ fọ̀.

Bí a ti ń fọ̀ ọ́ nìyí. Ẹ yọ ìyọkúrò, lẹ́yìn náà àròpọ̀. Ẹ po káún díẹ̀ mọ́ omi gbígbóná. Ẹ dà á díẹ̀díẹ̀ sórí ìdọ̀tí náà. Á hó. Híhó náà ni káún tó ń pa kíkan omi bátìrì. Ẹ ṣọ́ra kí omi káún má wọ inú bátìrì, yóò bà á jẹ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha orí bátìrì àti inú ojú wáyà títí irin á fi dán. Ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án. Ẹ nù ún gbẹ. Ẹ dè é padà, àròpọ̀ ṣáájú, ìyọkúrò kẹ́yìn. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á lórí.

Ẹ má gbàgbé ìdí kejì wáyà ìyọkúrò, níbi tó ti so mọ́ ara irin katakata. Ẹrẹ̀ àti ìpẹtà máa ń jẹ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fọ orí, wọn kì í fọ ẹsẹ̀.

ṢÉ EBI Ń PA BÁTÌRÌ?

Bátìrì tí ọ̀pọ̀ katakata ń lò ní yàrá 6. Yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bí fólítì 2,1 wá. Ẹ ṣe ìṣirò náà: 6 lọ́nà 2,1 jẹ́ 12,6. Nítorí náà, bátìrì tó yó, tó sì ti sinmi fún wákàtí díẹ̀, á fi nǹkan bí 12,6 hàn lórí òṣùwọ̀n iná.

Òṣùwọ̀n iná kì í ṣe ohun olówó gọbọi. Ẹgbẹ́ kan lè ra ẹyọ kan. Ẹni tó bá lè ka nọ́ńbà tó ní kọ́mà lè lò ó. Bí a ti ń kà á nìyí:

12,6: bátìrì yó.
12,4: ó ku nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.
12,2: ó ku nǹkan bí ìdajì.
12,0: ó ku nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ebi ń pa á.

Ẹ rí i pé láti 12,6 dé 12,0, ìyàtọ̀ náà kéré lójú. Ṣùgbọ́n ó pọ̀ nínú iṣẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń ka ohun tó wà lẹ́yìn kọ́mà.

Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí ẹnì kan ń yí kọ́kọ́rọ́. Kò yẹ kó já wálẹ̀ ju nǹkan bí 9,6 lọ. Bí bátìrì bá fi 12,6 hàn nígbà ìsinmi, tó sì já sí 7 nígbà iṣẹ́, ó dà bí ẹni tó sanra tí kò lè gbé igbá omi. Àgbà ti dé sí i.

Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti jí. Ó yẹ kó gòkè sí nǹkan bí 13,8 sí 14,5. Èyí ń fi hàn pé ẹ̀rọ tó ń bọ́ bátìrì ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá gòkè, ẹ lè ra bátìrì tuntun mẹ́ta, ebi á pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ wo bẹ́líìtì ẹ̀rọ náà bóyá ó já tàbí ó dẹ̀.

Bí bátìrì yín bá ní ìdérí tó ń ṣí, ẹ máa wo omi inú rẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ bo àwọn pẹpẹ òjé inú rẹ̀. Omi mímọ́ tí wọ́n ń tà fún bátìrì ni kí ẹ fi kún un. Ẹ má lo omi kànga, iyọ̀ inú rẹ̀ ń ba òjé jẹ́.

ÀWỌN Ẹ̀ṢỌ́

Ìgbà mìíràn wà tí bátìrì yó, tí orí rẹ̀ mọ́, tí iná iwájú ń tàn, síbẹ̀ katakata dákẹ́. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn tó ṣe katakata mọ̀ pé bí ẹ̀rọ bá jí nígbà tó wà nínú jíà, á fò síwájú. Wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sí ìdí jíà, òmíràn sí ìdí kílọ́ọ̀ṣì. Nínú ẹ̀rọ mìíràn, ẹ̀ṣọ́ tún wà fún ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń yí àwọn irinṣẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá gbà, ìránṣẹ́ kò ní kọjá.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe mẹkáníkì, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé kò sí nínú jíà? Ṣé mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀ pátápátá? Ṣé mo pa ọ̀pá ẹ̀yìn? Ẹ mi ọ̀pá jíà díẹ̀, kí ẹ tún yí kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá jí nígbà náà, ẹ̀ṣọ́ ìdí jíà ni kí mẹkáníkì wò. Ẹrẹ̀ lè ti bò ó, tàbí wáyà rẹ̀ ti tú.

Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ọgbà ní Kútọnu àti ní Àjàṣẹ́ lè bá ẹ̀rọ ìgéko tí ènìyàn ń jókòó lé pàdé. Ọ̀nà iná kan náà ló ní. Bátìrì rẹ̀ kéré, wáyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ilé náà kan náà ni. Ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ sábà máa ń wà lábẹ́ àga, ní ìdí bíréèkì, àti níbi tí a ti ń tan abẹ ìgéko. Bí bíréèkì kò bá tẹ̀, tàbí bí a bá gbàgbé abẹ sí ibi ìgéko, kò ní jí. Bátìrì kọ́.

OHUN TÍ A KÒ GBỌ́DỌ̀ ṢE

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ó ju gbogbo ìyókù lọ.

Àwọn kan mọ ẹ̀tàn kan. Bí katakata kò bá jí, wọ́n á dúró sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn. Wọ́n á mú irin tí a fi ń tú ìdè, wọ́n á fi kan ojú méjèèjì lórí dẹmárọ̀. Iná á ta, ẹ́ńjìnnì á sì jí. Àwọn tó ń wò á pàtẹ́wọ́.

Kí ni ẹni yìí ṣe? Ó gba ẹ̀yìn ilé wọlé. Kò gba ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́. Kò gba ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́. Bí katakata bá wà nínú jíà, kò sí ẹni tó máa sọ fún un. Ẹ̀rọ á jí, á sì máa lọ lójú ẹsẹ̀. Òun náà sì rèé, iwájú táyà ńlá ló dúró sí. Kò sí àyè láti sá. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, ọ̀nà yìí ni katakata ti gbà pa àwọn àgbẹ̀ tó ti ń wà á láti ọdún gbọọrọ. Ìmọ̀ ìwakọ̀ kò gbà wọ́n.

Orí àga awakọ̀ nìkan ni a ti ń jí katakata. Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà so ẹ̀ṣọ́ pọ̀ kó má baà «dàmú» yín. Ẹni tó pa ajá tó ń gbó lóru, kó má bínú sí olè. Ẹ tún ẹ̀ṣọ́ ṣe. Ẹ má pa á.

BÍ A BÁ FẸ́ YÁ IPÁ LỌ́WỌ́ BÁTÌRÌ MÌÍRÀN

Bí ó bá dájú pé ebi ló ń pa bátìrì, ọkọ̀ mìíràn lè ràn wá lọ́wọ́. Kí fólítì bátìrì méjèèjì jẹ́ bákan náà. Kí ọkọ̀ méjèèjì má kan ara wọn. Bí bátìrì bá wú tàbí ó sán, ẹ má dán an wò.

Kìíní: wáyà pupa, láti àròpọ̀ bátìrì tó kú sí àròpọ̀ bátìrì tó yè.
Èkejì: wáyà dúdú, láti ìyọkúrò bátìrì tó yè sí irin ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ tó kú, níbi tó jìnnà sí bátìrì.

Kí ló dé tí ìdí wáyà ìkẹyìn kò fi gbọ́dọ̀ kan bátìrì tó kú? Nítorí pé iná kékeré máa ń ta níbi ìsopọ̀ ìkẹyìn, afẹ́fẹ́ bátìrì sì ń gbiná. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá jí, ẹ yọ wọ́n láti ẹ̀yìn wá sí iwájú: ohun tí a dè kẹ́yìn ni a ń kọ́kọ́ tú.

ÌWÉ ÀKỌSÍLẸ̀ KATAKATA

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wa wà fún akọ̀wé ẹgbẹ́ àti fún akápò. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ so ó mọ́ ibi tí kọ́kọ́rọ́ katakata ń gbé. Nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá kọ̀, ẹ kọ ọ́ báyìí:

Ọjọ́ wo ni?
Ohùn wo ni a gbọ́?
Báwo ni iná iwájú ṣe rí?
Fólítì mélòó ni bátìrì?
Kí ni a fọ̀, kí ni a fún le, kí ni a pààrọ̀?
Ṣé ó jí?
Ta ló ṣe é, èló ni a san?

Kò ju ìlà 7 lọ. Ẹni tó ti ka ìwé kíláàsì kìíní tán lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí mẹkáníkì bá dé, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Bí wọ́n bá ní kí a ra dẹmárọ̀ tuntun, akápò á ní: «Ẹ jẹ́ kí a wo ìwé.» Bí ìwé bá sọ pé iná iwájú mọ́lẹ̀ kedere, tí kò sì sí ohùn, akápò á béèrè pé: «Ṣé ẹ ti wo àwọn ẹ̀ṣọ́? Ṣé ìránṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ dẹmárọ̀?» Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn lè gba owó ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó mọ ìwé kà kì í ṣe ẹni tí a kàn ń sọ fún. Òun náà ń béèrè.

Kí àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ má sọ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Owó wọn wà nínú katakata náà. Oko tí a kò ro, ilé gbogbo ni ebi rẹ̀ ń dé. Kí ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ̀wé tó mọ́ jù, ì báà ṣe ìyá, ì báà ṣe bàbá.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Ẹ ka orúkọ àwọn ilé mẹ́fà tí iná ń gbà kọjá.
2. Nígbà tí a bá ń tú bátìrì, àmì wo ni a ń kọ́kọ́ yọ? Kí ló dé?
3. Katakata ń ṣe «ta-ta-ta-ta». Ẹ sọ ohun mẹ́ta tó lè fà á.
4. Òṣùwọ̀n fi 12,2 hàn. Ṣé bátìrì yó?
5. Ibo nìkan ni a ti gbọ́dọ̀ jí katakata?

Ẹ dáhùn sínú ìwé yín. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí ìdí katakata, kí ẹ fi ìka tọ́ka sí ilé kọ̀ọ̀kan bí ẹ ti ń kà á. Ẹ ṣe é nísinsìnyí, nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń jí. Ọjọ́ ogun kọ́ là ń kọ́ ọfà títa.

 Kí òjò rọ̀ fún wa lásìkò, kí ilẹ̀ sì gba iṣẹ́ wa.